Àwáwù Inú Òmìrán Pupa

Ọ̀sán gangan ni Àwáwù kú sínú fóònù ara rẹ̀.

Ó jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tó ti wú síwájú, ó sì gbé fóònù lé orí ikùn. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù ìbí. Nọ́ọ̀sì ti ní kó má jókòó sídìí òfì mọ́, nítorí náà aṣọ tó ń hun dúró ní ìdajì, géèmù ló sì fi ń pa ọ̀sán. Ó ń gbá a lọ, ó ń sọ̀rọ̀ sí i lábẹ́ ohùn bó ṣe máa ń ṣe, àfi bó ṣe ṣàdédé dáwọ́ dúró. Ó pe àbúrò ọkọ rẹ̀ tó wà nínú yàrá.

"Ìdílẹ̀kẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan tí mo rí yìí."

Ìdílẹ̀kẹ̀ ni orúkọ tí Àwáwù fún Ayọ̀tọ́lá láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e níyàwó wá. Ẹ ni àwọn méjèèjì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀: Àwáwù fi ọjọ́ orí ju Ayọ̀tọ́lá lọ, ṣùgbọ́n Ayọ̀tọ́lá ti wà nílé kí ìyàwó tó dé. Ayọ̀tọ́lá jáde, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Àwáwù na fóònù sí i. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ohun tó wà lójú fóònù nìyí:

Àwáwù wọnú òmìrán pupa, ó gba ọ̀nà àríwá lọ. Ìjì ká a mọ́ ojú ọ̀nà. Wọ́n kan ilẹ̀kùn, kò ṣí. Àwọn tó wà nínú kò jáde.

"Àwọn tó wà nínú," ni Àwáwù wí. "Èmi nìkan ni mo ṣáà wọ ibẹ̀. Ta wá ni ìkejì?"

Ayọ̀tọ́lá gba fóònù, ó tún un kà. Òun ló ṣe géèmù náà. Ṣakí ló ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa kọ̀ǹpútà, ó sì padà sílé ní Ìsẹ́yìn, ibi tó ti ń bá àwọn oníṣòwò ṣe iṣẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì kó lè jẹun. Ṣùgbọ́n géèmù tó pè ní Òmìrán Ọ̀dàn yìí ni ọkàn rẹ̀ wà. Ìlú kan ló wà nínú rẹ̀, láàárín ọ̀dàn tí òjò ti kọ̀ sílẹ̀. Àwọn ará ìlú náà ní àwọn òmìrán irin tó ga ju igi ẹmì lọ. Ènìyàn á gba ilẹ̀kùn àyà òmìrán wọlé, á jókòó, á sì máa wà á bí ìgbà tí ènìyàn ń wa katakata. Ohun tí ọwọ́ ẹni tó jókòó nínú bá ṣe ni ọwọ́ irin náà ń ṣe. Wọ́n fi ń wá omi lọ sọ́nà jíjìn, wọ́n sì fi ń lé àwọn ẹ̀rọ ogun àtijọ́ tí kò ní awakọ̀ mọ́, tí wọ́n ń rìn kiri inú igbó.

Ohun tó jẹ́ kí àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó kọ ìtàn rẹ̀ parí. Gbólóhùn kéékèèké ni Ayọ̀tọ́lá kọ, wọ́n pọ̀ lọ súà, ó kó gbogbo wọn dà síbẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n da àgbàdo sínú apẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ni yóò máa ṣà wọ́n, tí yóò máa rán wọn pọ̀. Ẹni tí yóò jà, àwọn tí yóò fẹ́ra, ẹni tí yóò sá lọ, ẹni tí yóò kú, ẹ̀rọ ló ń yàn án, bó bá ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́. Ìtàn orí fóònù tèmi kò ní jọ ti orí fóònù tìrẹ. Ohun tó bá sì ti ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ náà nìyẹn, kò sí pé à ń padà sẹ́yìn. Àwọn ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ káàkiri Òkè-Ògùn ló ń bá a dán an wò, kó tó gbé e jáde fún aráyé.

Nígbà tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, orúkọ ènìyàn ni kò tó. Ó wo inú agbo ilé wọn, ó kó orúkọ àwọn tó rí níbẹ̀: ìyá rẹ̀, Túnjí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àwáwù ìyàwó Túnjí. Inú Àwáwù dùn ju ti gbogbo wọn lọ. "Òmìrán pupa ni kẹ́ ẹ fún mi o," ló wí nígbà náà. Kò sí ẹni tó ro ọ̀rọ̀ náà kọjá bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀rọ ni, Ìyàwó wa," ni Ayọ̀tọ́lá wá wí. "Kò mọ nǹkan kan. Gbólóhùn méjì tí kò bára wọn tan ló rán pọ̀. Èyí tó sọ pé àwọn tó wà nínú kò jáde yẹn, ọ̀rọ̀ àká ọkà ni mo kọ ọ́ fún. Eku ni mo ní lọ́kàn."

"Eku," ni Àwáwù wí. Ó gba fóònù padà, ó dojú rẹ̀ dé orí ẹní.

Ìyá Túnjí, ìyá ọkọ rẹ̀, ń bó ẹ̀gúsí níwájú ilé. Ó ti dáwọ́ dúró. Kò mọ ìwé kà, ó sì ní kí ẹnìkan ka ohun tí wọ́n rí fún òun. Ayọ̀tọ́lá kò fẹ́ kà á. Àwáwù ló kà á fún un, láìgbé fóònù. Ó ti mọ̀ ọ́n lórí.

"Ta ló fún ẹ̀rọ lórúkọ ìyàwó mi?" ni ìyá náà bèèrè.

"Èmi ni, Màmá."

"Ìwọ." Ìyá náà gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò láṣọ. "Orúkọ ara rẹ ńkọ́? Ṣé ó wà níbẹ̀?"

Ayọ̀tọ́lá kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn rí.

"Yọ ọ́ kúrò," ni Ìyá Túnjí wí. "Mi ò bá ọ jà. Yọ ọ́ kúrò níbikíbi tó bá wà."

Túnjí wà ní Ṣakí lákòókò yẹn, ó lọ kó ọjà tó ń bọ̀ láti òdìkejì ẹnubodè. Nígbà tí wọ́n sọ fún un lórí fóònù, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ géèmù dá ìjà sílẹ̀ láàárín ilé. Kò pẹ́ tó tún pè, ó bèèrè bóyá Àwáwù ti jẹun. Ó tún pè lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sì sọ ohun tó tìtorí rẹ̀ pè.

Ọjọ́ náà ni Ayọ̀tọ́lá yọ orúkọ gbogbo ará ilé wọn kúrò. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ tó. Ìtàn tí àwọn ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ wà lórí fóònù oníkálukú wọn, Àwáwù sì wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ó kọ̀wé sí gbogbo wọn lórí Wasáàpù, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yọ Àwáwù kúrò nínú ìtàn wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n pa ti àtijọ́ rẹ́, kí wọ́n gba tuntun. Àwọn kan ṣe é kíá. Àwọn kan bèèrè ìdí rẹ̀, ó sì sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Ẹnìkan bínú, ó ní ìlú òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rí omi ni.

Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni Àwáwù ń bi Ayọ̀tọ́lá, ìbáà jẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, ìbáà jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń jẹun. "Ó ku ta ni?" Ayọ̀tọ́lá á sọ àwọn tó kù. Àwáwù á mi orí, á bu oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan, á sì ti àwo sẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n jọ lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò, nọ́ọ̀sì so ẹ̀rọ mọ́ apá Àwáwù, ó wò ó, ó tú u, ó sì tún so ó. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru. "Kí lẹ̀ ń rò, Ìyá Ọmọ?" ni nọ́ọ̀sì bèèrè. Àwáwù wo Ayọ̀tọ́lá, ó ní kò sí. Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n ní kó sinmi, wọ́n sì ní bí orí bá ń fọ́ ọ tàbí tí ojú rẹ̀ bá ń ṣe bàìbàì, kó má dúró de ẹnikẹ́ni, kó tètè máa bọ̀.

Nínú kẹ̀kẹ́ márúwá tí wọ́n wọ̀ bọ̀ wálé, Àwáwù di irin ìjókòó mú gírígírí nítorí gbágungbàgun ọ̀nà. "Ó ku ta ni?" ló bèèrè.

Irọ́ ti dé ètè Ayọ̀tọ́lá. Ó kù díẹ̀ kó sọ pé kò ku ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣùgbọ́n Àwáwù ń wò ó lójú.

"Ó ku ẹnìkan. Mọ́rìnọ́lá ni wọ́n ń jẹ́, olùkọ́ ni wọ́n ní Ìgànná. Mi ò mọ̀ wọ́n rí. Ẹni tá a jọ kàwé ní Ṣakí ló fún wọn ní géèmù náà. Mo ti kọ̀wé títí, kò wọlé sí wọn. Mo pè títí, kò lọ."

Àwáwù yí ojú sí ọ̀nà. "Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ni," ló wí. "Ẹ má rò pé mi ò mọ̀. Bí mo bá jókòó, mo mọ̀ dáadáa. Ìgbà tí mo bá dùbúlẹ̀ ni mo máa ń gbọ́ ọ. Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ayọ̀tọ́lá wọ ọkọ̀ dé Ìlua, ó sì gun ọ̀kadà níbẹ̀ lọ sí Ìgànná láti wá olùkọ́ náà. Ọ̀nà pupa náà ti gbẹ, eruku rẹ̀ ń dìde tẹ̀lé wọn. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ilé ti tán, tó jẹ́ kìkì koríko gíga àti igi ẹmì lọ́tùn-ún lósì, ọlọ́kadà yí orí díẹ̀ sẹ́yìn.

"Ẹ dì mí mú dáadáa, àǹtí. Mi ò ní dúró títí a ó fi kọjá ibí yìí. Bí nǹkan yín bá já bọ́, ẹ jẹ́ kó lọ."

"Ṣé ibí yìí ni wọ́n ti ń jí ènìyàn—"

"Ẹ má sọ ọ́," ni ọlọ́kadà wí, ó sì tẹ iná.

Ayọ̀tọ́lá di aṣọ ọlọ́kadà mú. Níbi tó wà yẹn ni fóònù ti ń dún nínú báàgì tó gbé kọ́ ọrùn. Ó dún títí tó fi dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Kò lè tú ọwọ́ sílẹ̀. Ó ń ka gbogbo igi tí wọ́n ń kọjá bí ẹni pé ẹnìkan yóò yọ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó sì ń gbọ́ fóònù náà lórí àyà rẹ̀ bí ìgbà tí ọmọ bá ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí òrùlé àkọ́kọ́, tí ọlọ́kadà sì dín eré kù, ó yọ ọ́ síta. Ìyá rẹ̀ ló ń pè. Ó fi ohùn ránṣẹ́ pẹ̀lú: "Ilé ìwòsàn la wà yìí o. Orí ń fọ́ ìyàwó mi láti àárọ̀. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ padà sílé. Pè mí." Ó pe ìyá rẹ̀. Kò lọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti tán lórí fóònù náà pátápátá.

Àkókò eré ni wọ́n dé ilé ìwé. Mọ́rìnọ́lá jókòó lábẹ́ igi níwájú kíláàsì rẹ̀, obìnrin gíga kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ẹfun ìkọ̀wé wà ní gbogbo ìka rẹ̀, ó tẹjú mọ́ fóònù. Nígbà tí Ayọ̀tọ́lá kúnlẹ̀ kí i, tó sì sọ ẹni tí òun jẹ́, obìnrin náà fò dìde.

"Ẹ̀yin gan-an lẹ ṣe é? Ọmọ kékeré báyìí! Ẹ jókòó, ẹ jókòó. Ẹ wá wo ibi tí ìlú mi dé."

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mo ń kánjú. Ẹnìkan ló wà nínú rẹ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi yọ kúrò. Àwáwù lorúkọ rẹ̀."

Ẹ̀rín kúrò lójú Mọ́rìnọ́lá. "Kí n yọ Àwáwù?"

Ó na fóònù sí i. Ohun tó wà níbẹ̀ ya Ayọ̀tọ́lá lẹ́nu. Àwáwù ti darúgbó. Ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà mọ́, ṣùgbọ́n òmìrán pupa ṣì mọ ọwọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń bá a jà pé kó wá jókòó sílé, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbin igi kan sí i lẹ́bàá odò ná. Ayọ̀tọ́lá ló kọ gbólóhùn wọ̀nyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kò rí i rí kí wọ́n tò lé ara wọn báyìí.

"Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ la ti jọ wà," ni Mọ́rìnọ́lá wí. "Gbogbo àwọn yòókù ti kú tàbí kí wọ́n ti bá mi jà. Bí mo bá yọ ọ́, ṣé kò ní kú?"

"Kò ní kú, mà. Kò kàn ní sí mọ́ ni. Yóò dà bíi pé kò wà níbẹ̀ rí."

"Ìyẹn wá dára ju ikú lọ?"

Ayọ̀tọ́lá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé nípa ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ẹkún gba ẹnu rẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún obìnrin náà: ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun, oyún, ilẹ̀kùn tí kò ṣí, àwọn tí kò jáde, ẹ̀jẹ̀ ríru, ohùn ìyá òun lórí fóònù. Ó ní òun kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé ìwòsàn báyìí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sì sí.

Mọ́rìnọ́lá kò tún sọ̀rọ̀ nípa géèmù. Ó fa Ayọ̀tọ́lá lọ́wọ́. "Ẹ máa bọ̀. Ibì kan wà tó máa ń mú."

Òkúta pẹlẹbẹ ńlá kan ló wà lẹ́yìn ilé ìwé, wọ́n sá ègé gbàgúdá tí wọ́n bó sí apá kan rẹ̀. Wọ́n gùn ún. Ní orí rẹ̀ pátápátá, fóònù Ayọ̀tọ́lá gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìwé tí ìyá rẹ̀ ti ní kí àwọn ènìyàn bá òun kọ. Ó pè. Ìyá Túnjí gbé e kó tó dún dáadáa.

"Níbo lo wà? Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un báyìí báyìí. Wọ́n ní kó fọwọ́ sí i, ó kọ̀. Túnjí ṣì wà lójú ọ̀nà. Gbogbo bí mo ṣe ń bẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ, ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá yẹn mọ́ òun."

"Ẹ fún un ní fóònù, Màmá."

Èémí ló kọ́kọ́ gbọ́, ó sì yá púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn Àwáwù. "Ìdílẹ̀kẹ̀. Ṣé wọ́n ti yọ ọ́?"

"Wọn ò tíì yọ ọ́, Ìyàwó wa. Mo wà lọ́dọ̀ wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ohun tó wà lọ́wọ́ wọn fún yín. Ẹ gbọ́ ọ ná, ẹ jọ̀ọ́."

Ó gbé fóònù sí Mọ́rìnọ́lá létí. Obìnrin náà gbé fóònù tirẹ̀ jìnnà sójú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè pẹ̀lú ohùn tí olùkọ́ fi ń pe ọ̀rọ̀ fún ọmọ kíláàsì, kedere, láìkánjú. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ aṣọ wọn. Ó ka ti ojú tí kò ríran jìnnà, ó ka ti òmìrán pupa. Ó dé ibi tí àwọn ọmọ ti ń bá ìyá wọn jà, ó sì dúró.

"Mi ò gbọ́ wọn mọ́," ló wí.

Ìpè ti já. Wọ́n tún pè. Ohùn obìnrin inú ẹ̀rọ ló sọ fún wọn pé ẹni tí wọ́n ń pè kò sí níbi tí ọwọ́ ti lè tó o. Wọ́n tún pè, bákan náà ni. Ayọ̀tọ́lá gbé fóònù sókè orí, ó rìn yí òkúta náà ká, ó tẹ ègé gbàgúdá ẹlẹ́ni mọ́lẹ̀ láìmọ̀. Agogo ilé ìwé lù nísàlẹ̀.

"Mo ní láti wọ kíláàsì," ni Mọ́rìnọ́lá wí, ṣùgbọ́n kò kúrò. Ó na fóònù rẹ̀ síwájú. "Ẹ sọ fún mi. Ṣé kí n yọ ọ́ báyìí, àbí kí n má yọ ọ́?"

Ayọ̀tọ́lá wo fóònù náà. Bí wọ́n bá yọ ọ́, tí nǹkan kan sì ṣe Àwáwù ní wákàtí yìí, kò mọ ohun tí òun yóò máa rò títí ayé. Bí wọn kò bá yọ ọ́, tí nǹkan kan sì ṣe é, bákan náà ni. Òun tó ti ń sọ fún gbogbo ilé pé ẹ̀rọ kò mọ nǹkan kan, òun náà ti wá ń bẹ̀rù rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó wà ná, mà," ló wí.

Ọ̀kadà tó gbé e padà kò yára tó ti àárọ̀, tàbí bóyá ojú rẹ̀ ni. Kò rántí igbó tí wọ́n là kọjá. Nígbà tí wọ́n dé Ìlua, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti kún fóònù rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ Ìsẹ́yìn tí wọ́n ń pèrò sí, ó di fóònù mú, kò lè tẹ̀ ẹ́. Ó ń rò pé níwọ̀n ìgbà tí òun kò bá tíì pè, kò tíì sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Fóònù náà ló fúnra rẹ̀ dún. Túnjí ni. Ó ń sunkún tàbí ó ń rẹ́rìn-ín, kò ṣe é mọ̀.

"Obìnrin ni," ni Túnjí wí. "Ó kéré, ṣùgbọ́n ó ké. Mo gbọ́ igbe rẹ̀."

"Ìyàwó wa ńkọ́?"

"Wọn ò tíì jẹ́ kí n rí i."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní kí n jókòó."

Títí ọkọ̀ fi dé Ìsẹ́yìn, ọ̀rọ̀ yẹn ni Ayọ̀tọ́lá ń yí lọ́kàn. Wọ́n ní kó jókòó. Ṣé ẹni tí ara rẹ̀ yá ni wọ́n ń ní kí ọkọ rẹ̀ jókòó dè? Ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀ bi í léèrè bóyá ara rẹ̀ kò yá, ó sì fún un ní omi inú ọ̀rá. Ó mu ún tán láìmọ̀.

Ó bá ìyá rẹ̀ àti Túnjí lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Ọmọ náà wà lápá Ìyá Túnjí, wọ́n wé e débi pé imú nìkan ló hàn. Bí nọ́ọ̀sì kan bá ti yọ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á dìde. Bí kò bá wò wọ́n, wọn á tún jókòó. Nígbà tó yá, èyí tó ti so ẹ̀rọ mọ́ Àwáwù lápá lọ́jọ́sí jáde wá, ó ń nu ọwọ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ dà, ó sì kọ́kọ́ bà wọ́n lẹ́rù, ṣùgbọ́n ó ti dá, Àwáwù ti lajú, ó sì ti ń bèèrè omi tí wọn kò tíì lè fún un. Ìyá Túnjí dojú bo aṣọ tí wọ́n fi wé ọmọ náà, ejìká rẹ̀ sì ń mì.

Wọ́n jẹ́ kí wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Ayọ̀tọ́lá, Àwáwù dùbúlẹ̀ gbalaja, ètè rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú.

"Ẹ kú ewu ọmọ, Ìyàwó wa."

"Ẹ ṣé. Eruku kún orí yín."

Ayọ̀tọ́lá jókòó. Ó fẹ́ dákẹ́, ṣùgbọ́n kò lè pa á mọ́ra. "Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n kà fún yín?"

"Mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Afẹ́fẹ́ pọ̀. Mo gbọ́ pé ẹnìkan darúgbó, mo gbọ́ òmìrán pupa, ó sì gé."

"Kí ló wá jẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i?"

Àwáwù di ojú, ó tún là á. "Dókítà ni. Mo bi í pé ṣé kọ́kọ́rọ́ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn. Mo rò pé yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí wọ́n ti bẹ́ẹ̀dì mi débẹ̀ kí n fojú ara mi wò ó. Ilẹ̀kùn tí wọ́n ń fi ìdí tì wọlé lásán ni, kò ní kọ́kọ́rọ́, kò tilẹ̀ ní ọwọ́ tí wọ́n ń dì mú. Ó ń lọ ó ń bọ̀ fúnra rẹ̀. Mo wò ó, mo ní kí wọ́n gbé bírò wá." Ó sinmi díẹ̀. "Mo sì tún rò ó pé ẹ ti gun ọ̀kadà gba ọ̀nà yẹn nítorí mi. Ojú tì mí."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Orúkọ mi ńkọ́?"

"Ó kù sọ́wọ́ olùkọ́ yẹn nìkan. Èyí tó wà lọ́wọ́ wọn dára, Ìyàwó wa. Ẹ pẹ́ láyé níbẹ̀. Ẹ ní ọmọ púpọ̀, ẹ sì ń gbin igi. Bẹ́ ẹ bá fẹ́, a lè jẹ́ kó wà."

Àwáwù gbọn orí lórí ìrọ̀rí. "Kí wọ́n yọ ọ́. Èyí tó dára àti èyí tí kò dára, èmi kọ́ ni mo rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ nínú wọn. Mi ò fẹ́ wà níbi tí mi ò ti ní mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí mi." Ó yí ojú sí ẹnu ọ̀nà. "Ẹ ní kí Màmá gbé e wá. Mi ò tíì rí ojú rẹ̀ dáadáa."

Ayọ̀tọ́lá kọ̀wé ránṣẹ́ sí Ìgànná kó tó kúrò nílé ìwòsàn. Ó ní ìyá àti ọmọ wà láàyè, ó dúpẹ́, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ orúkọ náà. Ìwé náà kò wọlé lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti gbé Àwáwù dé ilé kí èsì tó bọ́ sójú fóònù lójijì ní ọ̀sán ọjọ́ kan.

"Mo kọ́kọ́ jẹ́ kó wa òmìrán rẹ̀ délé," ni Mọ́rìnọ́lá kọ. "Mo jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀, kó wọ inú ilé lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀, kí n tó yọ ọ́. Inú mi kò dùn sí i, mi ò ní parọ́. Ẹ bá mi kí ìyá ọmọ."

Ayọ̀tọ́lá kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó kọ èsì, ó pa á rẹ́, ó sì fi ẹ ṣeun nìkan ránṣẹ́.

Iṣẹ́ géèmù náà kò rọrùn fún un mọ́ lẹ́yìn náà. Ó nílò orúkọ tuntun, ṣùgbọ́n bó bá ti kọ ọ̀kan, á rántí ẹnìkan tó ń jẹ́ ẹ: ẹni tí wọ́n jọ kàwé, ọmọ ìyá tó ń ta epo, imáàmù àdúgbò. Ní ọjọ́ kan tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ìyá rẹ̀ pọn ọmọ náà kọjá, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Orúkọ ta lò ń kọ yẹn?"

"Kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni, Màmá. Mo kàn hùmọ̀ ọn ni."

"Kò sí orúkọ tí kò lẹ́ni tó ni ín," ni Ìyá Túnjí wí. Kò sọ ọ́ tìbínú-tìbínú. Ó tún ọ̀já so, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ayọ̀tọ́lá wo orúkọ náà títí, ó sì pa á rẹ́. Níkẹyìn, ó fi àyè sílẹ̀ lófo níbi tí orúkọ yẹ kó wà, kí ẹni tó bá fẹ́ gbá a fúnra rẹ̀ sọ àwọn ènìyàn inú ìlú náà lórúkọ. Nísàlẹ̀ àyè náà ló kọ ọ́ sí pé kí wọ́n má fi orúkọ ẹni tí kò gbà síbẹ̀. Àwọn kan lára àwọn tó ń bá a dán an wò ṣàròyé pé ìyẹn ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, pé àwọn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìjà kíá. Kò yí i padà.